Iṣẹ́-Ìwádìí Ifẹ̀ àti Ètò Ẹ̀kọ́ Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Kan

Nígbà tí àwọn aṣètò-ẹ̀kọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ètò tí ó gún régé fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà. Wọn á fi ìṣirò sí i, wọn á fi sáyẹ́ǹsì sí i, wọn á ní orin kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, wọn á sì wá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan fún Yorùbá. Ní ojú tiwa, ẹrù ni wọ́n kó jọ. Ètò ẹ̀kọ́ gún nígbà tí ohun tí ọmọ kọ́ ní wákàtí kan bá wúlò fún un ní wákàtí kejì. Òṣùwọ̀n yìí ni a fẹ́ fi wo iṣẹ́-ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni ó ṣe aṣáájú rẹ̀, Ford Foundation sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí a fi wọ́n wé yà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989 ròyìn pé àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí kò gbẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn.

Àwọn kan nínú wa ti sọ èyí di orin ìyìn fún èdè nìkan. A kò lè bá wọn kọ ọ́ dé òpin. Ìwé titun ni a kọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, a sì kọ́ àwọn olùkọ́ wọn ní bí wọn yóò ti lò ó. Ẹni tí ó bá fojú fo gbogbo èyí kò ṣe òtítọ́ sí iṣẹ́ náà. Ohun tí ó jọ wá lójú jù ni pé kò sí ògiri láàrin iṣẹ́ kan àti èkejì: èdè tí ọmọ fi ń pàlọ́ ni ó fi ń ṣàlàyé ohun tí ó rí ní wákàtí sáyẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ rírẹ láró wò. Lónìí, abẹ́ 'àṣà' ni a máa ń tì í sí. Ọmọ á kọ́ pé Abẹ́òkúta àti Òṣogbo gbajúmọ̀ fún adìrẹ, ó parí. Bẹ́ẹ̀, omi tí a sẹ́ láti inú eérú a máa yọ̀ lọ́wọ́. Kí ni ó fà á? Aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró a máa ní àwọ̀ ewé. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni ó ń ṣú, tí ó ń di àwọ̀ aró. Kí ni atẹ́gùn ṣe sí i? Sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Kí ọmọ ka iye ìgbà tí a ri aṣọ bọ ìkòkò, kí ó wọn omi àti eérú, ìṣirò dé. Láfún tí a fi ya àwòrán sára adìrẹ ẹlẹ́kọ kì í jẹ́ kí aró wọ ibẹ̀, iṣẹ́-ọnà sì dé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò rí nǹkan sọ nínú àròkọ rẹ̀. (Àròkọ lórí 'Ọ̀rẹ́ mi àtàtà' ti sú àwa tí a ń máàkì.)

Nínú òǹkà náà, ọmọ tí ó pe márùndínláàádọ́ta ti yọ 5 kúrò nínú 50 kí ó tó mú gègé. Àwa a sì sọ ọ́ di àkọ́sórí.

Ìlànà ìjọba nípa ẹ̀kọ́ ti 1977 fún èdè abínibí ní àyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti 2022 fún un ní ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e, wọ́n ní èsì ìdánwò kò dára níbi tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù. Ìbínú kò lè dáhùn èyí. Kí a wo ìwé ìdánwò tiwa: 'Kí ni àrokò?' 'Dárúkọ oúnjẹ Yorùbá márùn-ún.' Ta ni yóò ka irú ìbéèrè wọ̀nyí tí yóò gbà pé èdè yìí lè gbé sáyẹ́ǹsì?

Ohun tí a dá lábàá ni pé kí a bi ọmọ kíláàsì kẹfà báyìí: 'Ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí bí a ti ń rẹ aṣọ láró, kí o sì sọ ohun tí atẹ́gùn ń ṣe sí aṣọ náà.' Kí a fún un ní máàkì fún ètò, fún ìdí, àti fún ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ mu. Kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bá wa jókòó nígbà tí a bá ń ṣe ìlànà máàkì. Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 àti 1990 ti ṣe iṣẹ́ ribiribi fún gírámà àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn aláró kò sí níbẹ̀. Ẹnu àwọn ìyá arúgbó ni ó ṣì wà, ọ̀dọ̀ wọn ni kí a sì ti lọ gbà á kí a tó kọ ìbéèrè náà.