Iná Pupa Kékeré Inú Land Rover

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ríwáyà ní Ìjigbò, ní Adó-Èkìtì, kì í yára gbé tẹ́sítà. Bí wọ́n bá gbé Land Rover àtijọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sídìí ọkọ̀, á yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ṣáná sí i, á sì tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí oòrùn bá mú, á bọ́ fìlà rẹ̀, á fi ṣíji bo mítà kó lè ríran dáadáa. Oníbàárà á máa kánjú, òun kò ní dá a lóhùn. Iná pupa kékeré ti bátìrì ló ń wò.

Nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Adó ṣì wà, 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ kò tíì dé. Series III ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n ṣe láti 1971 sí 1985, tí ó gbé mítà kúrò láàárín wá síwájú awakọ̀. Ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn to Land Rover nílẹ̀ yìí. Àwọn tó ń ra kòkó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọ̀nà oko tí òjò bá ti fọ́, òun nìkan ló ń gòkè rẹ̀. Nínú àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, n kò ní dúró lórí iná ọ́ìlì tàbí ti bíréèkì. Ẹni tó bá ti jókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ wọ́n.

Iná bátìrì ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ríwáyà rò pé kò ní iṣẹ́ méjì ju kó kéde àìsàn lọ. Rárá o. Ẹsẹ̀ kan gílóòbù inú rẹ̀ ń gba iná láti bátìrì nípasẹ̀ ìdí kọ́kọ́rọ́; ẹsẹ̀ kejì wọnú ọ́tánétọ̀, níbi tí wọ́n kọ IND sí lára Lucas 16ACR, irú ọ́tánétọ̀ tí Series III ń lò. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnì kò tíì dún, iná láti bátìrì á gba inú gílóòbù kọjá sínú rótọ̀. Ìwọ̀nba tó kọjá yẹn ló ń fún rótọ̀ ní òòfà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí gílóòbù bá ti jó, ọ́tánétọ̀ tó pé lè dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wá ń yí, tí ọ́tánétọ̀ ń mú fóòtì bíi 14 jáde, agbára ẹsẹ̀ méjèèjì á dọ́gba, gílóòbù á sì kú. Òṣùwọ̀n ni gílóòbù náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, á pọ́n díẹ̀.

Díẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá mi ń wá. Bí ó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì rọra ń dún, tí ó sì kú bí a bá tẹ tọ́tù, á wo bẹ́ẹ̀tì bóyá ó dẹ̀, kó tó bọ́ sórí kábọ̀n. Bí ó bá ṣì ń pọ́n lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́, á ní dáyódù kan ti kú nínú ọ́tánétọ̀, kí a tètè tú wáyà bátìrì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lálẹ́, nínú ọkọ̀ ẹnì kan tó ń ra kòkó. Wọ́n ti pààrọ̀ ọ́tánétọ̀ rẹ̀, wọ́n tún ti pààrọ̀ èyí tí wọ́n fi sí i, bátìrì kò yéé kú. Nígbà tí a kọjá Aramọkọ, ọ̀gá mi ní kí awakọ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gá mi pa iná iwájú: iná pupa kú. Ó tan iná iwájú: iná pupa yọ. Ó tan wáípà mọ́ ọn: ó pọ́n sí i. Ó ní, “Alágbà, ọ́tánétọ̀ yín ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń gbé wá ni kò délé.”

Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ tọ wáyà ńlá náà dé ìdí kíkísítátà. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti jẹ bàbà inú rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà. Iná ń jáde, wáyà ń dí i lọ́nà, agbára ẹ̀gbẹ́ ọ́tánétọ̀ wá ju ti bátìrì lọ. Bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ ni ìyàtọ̀ náà ń pọ̀. Ó gé e, ó ha á, ó tún un so. A dé Ìgèdè, a dé Ìyìn, a wọ Adó, iná pupa kò yọ mọ́. Lónìí mo ń fi mítà wọn ìyàtọ̀ yẹn láti ẹnu ọ́tánétọ̀ dé orí bátìrì, pẹ̀lú iná iwájú ní títàn. Bí ó bá ju ààbọ̀ fóòtì lọ, wáyà ni mo ń wá. Ojú ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi.

Ohun tó ń bí mi nínú báyìí ni LED pọ́ọ́kú tí àwọn ríwáyà ń rọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kì í jó, wọ́n ní ó mọ́lẹ̀ ju gílóòbù lọ. Wáàtì 2.2 ni gílóòbù tí wọ́n ṣe mọ́ ọkọ̀ yìí, wọn kò sì ṣèèṣì yan iye yẹn. Iná tí LED ń jẹ́ kó kọjá kò tó jí rótọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà nínú wọn, nítorí náà nígbà tí agbára ọ́tánétọ̀ bá ju ti bátìrì lọ, bíi ti alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn kò ní tàn rárá. Ọ̀gá mi ń yọ gílóòbù lára mítà tó ti bàjẹ́, ó ń kó wọn sínú agolo mílíìkì, ó sì mọ ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ríwáyà mìíràn tilẹ̀ ń já wáyà iná pupa náà kí wọ́n lè rí ọkọ̀ tà. Olè ni mo ń pe ìyẹn.

Ẹ̀yin tí Series III ṣì wà lọ́wọ́ yín, ní Adó, ní Ìjerò, ní Ìgèdè, kí ẹ tó ra ọ́tánétọ̀ tuntun, ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tó ṣókùnkùn, ẹ tan iná iwájú, ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀, ẹ wo iná pupa náà fúnra yín. Bí ríwáyà yín bá sì fẹ́ fi LED rọ́pò rẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.