Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ẹyin Ìjàpá Òkun
Mo kan sáárá sí àwọn tó ń ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun létíkun Grand-Popo ní Benin. Bí ìyá bá ti yé tán, tó padà sómi, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń hú yanrìn. Ṣọ́bìrì kò wọ̀ ọ́. Èèpo ẹyin náà rọ̀, ẹyin sì lè tó 100 nínú ihò kan. Wọn kì í yí i: bó ṣe wà ni wọ́n ń gbé e, torí yíyí lè pa ọmọ inú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ oníwàdùwàdù. Wọ́n á gbẹ́ ihò mìíràn fún un nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ, kó jìn bíi ti ìyá gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ọmọ á jáde. Iná ilé máa ń ṣi àwọn ọmọ náà lọ́nà òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etíkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pa iná ìta lóru.