OKÙN ẸṢIN NÍNÚ ÌWÉ JOHNSON

Kò sí olùkọ́ ìtàn kan láàárín wa tí kò jẹ Àlùfáà Samuel Johnson ní gbèsè. Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Àfọwọ́kọ náà sọnù. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921. Ọpẹ́ yẹ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ọpẹ́ kò ní kí a má bi ìwé náà léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìròyìn ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840. Àwọn ará Ìbàdàn mọ agbára ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní gbangba pápá. Nítorí náà òru ni wọ́n fi kọlù wọ́n. Ìwé náà wí pé nínú ìpayà, àwọn ẹlẹ́ṣin gun ẹṣin láìtú okùn rẹ̀. Wọ́n ń fi kẹ́sẹ́ gún un, ẹnu sì ń yà wọ́n pé kò sáré, títí ọ̀tá fi mú wọn.

Ẹni tí ó bá kà á yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ṣí ojú ìwé kejì. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé dúró. Ta ni ń so ẹṣin, ta sì ni ń tú u? Ní ibòmíràn, Johnson tìkára rẹ̀ dárúkọ Olókùn-ẹṣin Ọ̀yọ́, olórí àwọn olùtọ́jú ẹṣin ọba, ó sì kà á mọ́ àwọn tí àṣà ní kí wọ́n bá Aláàfin kú. Nígbà ìṣọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, ó tún sọ pé àwọn ẹrú Haúsá tí ń fá irun, tí ń ṣe okùn, tí ń da màlúù, fi olúwa wọn sílẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ okùn hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò so wọ́n pọ̀ rí. Àwọn balógun ni ó gba gbogbo ojú rẹ̀, àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu nídìí ẹṣin sì di ẹni ìgbàgbé.

Èyí kàn wá. Láti Ifọ̀ dé Mòwé àti Ìbàfò, dé àyíká Redemption Camp, ilẹ̀ igbó ni baba wa bá; eṣinṣin tsetse a sì máa pa ẹṣin tí a rà wá láti Òkè Ọya. Bí ọmọ ilé-ìwé bá bèèrè ìdí tí ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kò fi jọba níhìn-ín, ẹ dárúkọ Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ fún un, nítorí òun ni ó ṣáájú ogun Ìbàdàn ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ sọ ti igbó, ti eṣinṣin, àti ti ẹni tí ó di okùn mú, kí ọmọ náà má baà rò pé olóyè nìkan ni ń ṣẹ́gun.