Àfòmọ́ Orí Kòkó, Àfòmọ́ Inú Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá wọ oko kòkó tó ti gbó, kó gbójú sókè. Yóò rí ewé kan tí kì í ṣe ti kòkó, tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi: àfòmọ́ nìyẹn. Kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ara igi ló ti ń fa omi mu. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè ń wá orúkọ fún “ì” iwájú “fẹ́” nínú “ìfẹ́”, tàbí “a” inú “apẹja”, orúkọ ewé yìí ni wọ́n mú. Ó bá a mu wẹ́kú, nítorí “ì” yẹn kò lè dá dúró.

Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1852, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣàlàyé. Kí olùkọ́ tó lè fi Yorùbá kọ́ni ní Yorùbá, àfi kí èdè-ìperí wà, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè. Onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé èdè-ìperí Yorùbá ní 1984.

Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀-atọ́kùn. Eégún kì í ṣàdédé dá rìn nígboro. Atọ́kùn ló ń mú un kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ní” ṣe ń mú “ọjà” wọlé nínú “Adé wà ní ọjà”.

“Gírámà” fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n yá a, bíi fáwẹ̀lì àti sílébù, wọ́n sì fi àmì ohùn sí i lórí. Orúkọ yẹn náà ló wà lẹ́yìn ìwé Bámgbóṣé ti 1990, Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá.