Àpò Kékeré Nínú Ikùn Màlúù

Ẹni tó bá ń ra ṣàkì lọ́jà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí wúruwùru, ó sì mọ̀ pé fífọ̀ rẹ̀ kì í ṣe eré. Ohun tí a kì í bi alápatà ni iṣẹ́ tí ṣàkì ń ṣe nígbà tí ẹran náà wà láàyè. Ara ikùn àkọ́kọ́ ni, èyí tó tóbi jù nínú ikùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí màlúù ní. Ti màlúù tó dàgbà lè gba ju lítà 100 lọ. Ó gbóná tó ìwọ̀n 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ́síjìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, bakitéríà tó wà nínú mílílítà kan omi rẹ̀ sì lè lé ní bílíọ̀nù 10.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí ló ń kọ́kọ́ jẹun. Màlúù á já koríko, á gbé e mì, á dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn ni ó ń bọ́. Wọ́n á tú purotéènì inú ewé palẹ̀ di amóníà, wọ́n á fi amóníà náà kọ́ ara tiwọn. Bí wọ́n bá wá ṣàn lọ sínú ikùn kẹrin àti ìfun, ibẹ̀ ni màlúù ti ń jẹ àwọn náà. Nínú gbogbo purotéènì tó dé ìfun, ó máa ń tó ìdajì, ó sì lè tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, tó jẹ́ òkú àwọn kòkòrò yìí. Artturi Virtanen, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1945, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn lọ́dún 1966: ó bọ́ àwọn abo màlúù láìfún wọn ní purotéènì, yúríà àti iyọ̀ amóníà ló fi dípò, wọ́n sì ń fún wàrà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni iṣẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí oúnjẹ màlúù ti le. Èwo ni kí á fún kòkòrò, èwo ni kí á dọ́gbọ́n gbé kọjá wọn kó lè dé ìfun ní odindi? Èyí tó bá pọ̀ ju agbára kòkòrò lọ, ẹ̀dọ̀ á sọ amóníà rẹ̀ di yúríà, ẹran á sì tọ̀ ọ́ dànù. Owó olówó ni ó tọ̀ dànù yẹn.

Kí á tó mọ ibi tí purotéènì ń lọ, a ní láti mọ iye tó wà. Ọ̀nà tí Johan Kjeldahl gbé jáde lọ́dún 1883 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń tọ̀. Ilé àyẹ̀wò Carlsberg ní Copenhagen ló ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ bíà dá sílẹ̀; ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà ló wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe màlúù. Wọ́n á se ewé gbígbẹ nínú ásíìdì líle títí á fi di omi tó mọ́ kedere, wọ́n á díwọ̀n náítírójìn inú rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 6.25, nítorí pé náítírójìn tó nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 purotéènì. Ó rọrùn, ó sì ṣeé gbára lé, àmọ́ ó máa ń tanni. Bí a bá gbé yúríà fún un, á ní purotéènì inú rẹ̀ lé ní ìdá 287 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí ni Victor Oyenuga ti Yunifásítì Ìbàdàn fi kọ ilẹ̀ wa sínú ìwé. Ẹ̀dà kẹta ìwé rẹ̀, *Nigeria's Foods and Feeding-Stuffs*, jáde lọ́dún 1968. Àwọn tábìlì inú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn: isu, ewé, koríko, èérí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi rẹ̀, eérú rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀, purotéènì rẹ̀. Ní 1959 ó tẹ àbájáde iṣẹ́ tó ṣe lórí èèsún jáde. Ohun tí darandaran mọ̀ nínú egungun ló fi òṣùwọ̀n gbè lẹ́sẹ̀: èèsún tí a bá ń gé léraléra, purotéènì rẹ̀ á pọ̀, koríko tí a ó kó sílé ni kò ní pọ̀, èyí tí a bá jẹ́ kó gbó, á pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n igi ni màlúù ń jẹ. Gígé, wíwọ̀n, sísá, wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tí í pàtẹ́wọ́ fún irú iṣẹ́ yẹn.

Àmọ́ tábìlì kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ikùn. Àpò ló ń sọ ọ́. Ní Onderstepoort, Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 1938, Quin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ran àpò ṣẹ́dà, wọ́n kó oúnjẹ sí i, wọ́n sì sọ ọ́ sínú ikùn àgùntàn láti ihò tí wọ́n ti lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpò òde òní, náílọ́ọ̀nù ni, ihò ara rẹ̀ sì sábà máa ń tó nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 50, ìyẹn ìdá kan nínú 20 mílímítà: bakitéríà á wọlé, ọkà kò ní jáde. Ihò ẹ̀gbẹ́ òsì màlúù, dókítà ẹran ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀, á fi òrùka rọ́bà olómọrí há a. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè fẹ́ yíjú sápá kan, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú rẹ̀, á máa jẹ, á sì máa bímọ.

Ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Wọ́n á lọ oúnjẹ náà, kò gbọ̀dọ̀ kúnná jù, kó má baà gba ihò jáde láìjẹ́ pé kòkòrò fọwọ́ kàn án. Wọ́n á wọn gíráàmù díẹ̀ sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Àpò tí yóò lo wákàtí 72 ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ti 48, ti 24, ti 12, ti 6. Òṣìṣẹ́ oko ni yóò jí lóru láti sọ wọ́n sínú ikùn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí omi kan náà àti ọwọ́ kan náà lè fọ̀ wọ́n. Fífọ̀ yìí gan-an ni mo ń wò. Ọwọ́ ẹni tó ń fọ àpò gbọ̀dọ̀ rí bíi ti ìyá tó ń sẹ́ ògì, tó mọ ìgbà tí omi mọ́ tó àti ìgbà tí èérí fẹ́ bá a lọ. Bó bá fọ̀ ọ́ jù, oúnjẹ tí kòkòrò kò jẹ á bá omi lọ, wọ́n á ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Bí kò bá fọ̀ ọ́ tó, bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ọn á wà níbẹ̀, Kjeldahl á sì ka òkú wọn mọ́ oúnjẹ. Koríko gbígbẹ tilẹ̀ lè jáde pẹ̀lú purotéènì tó ju èyí tó gbé wọlé lọ!

Lọ́dún 1979, Ørskov àti McDonald, ní ilé ìwádìí Rowett nítòsí Aberdeen, sọ nọ́ńbà inú àwọn àpò wọ̀nyí di ìṣirò kan. Apá kan oúnjẹ ń yọ́ lójú ẹsẹ̀, apá kan ń tú díẹ̀díẹ̀, èyí tó kù kò ní tú láéláé. Ibi tó dùn ni pé ikùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni; ohun inú rẹ̀ ń ṣàn lọ. Ká ní ìdá 20 nínú 100 purotéènì oúnjẹ kan ń yọ́ kíá, ìdá 60 lè tú, ó sì ń tú ní ìdá 6 nínú 100 èyí tó kù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nínú màlúù tí kì í jẹun púpọ̀, tí ìdá 2 péré nínú 100 ń ṣàn jáde ní wákàtí kan, kòkòrò á rí ìdá 65 nínú 100 gbà. Nínú abo màlúù tó ń jẹ àjẹkì, tí ìdá 6 ń ṣàn jáde, ìdá 50 ni wọ́n á rí. Oúnjẹ kan náà ni, àpò kan náà ni.

Ẹ gbé èyí wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ní Iléṣà ní oṣù Kejìlá 1978. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ọkà báálì láti òkèèrè lọ́dún 1988, àwọn ilé iṣẹ́ bíà sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Èérí tó ń kù lẹ́yìn pípọn bíà, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti màlúù ń wá a. Bí a bá sá a gbẹ, purotéènì rẹ̀ lè tó ìdá 20 sí 30 nínú 100. Ewé agúnmánìyè, tí wọ́n ń gbìn ṣe òpó iṣu, náà ń wọ àárín iye yẹn. Lórí ìwé, ìbejì ni wọ́n. Ẹ kó wọn sínú àpò: ọ̀pọ̀ purotéènì agúnmánìyè ti tú kí ọjọ́ kan tó pé. Ti èérí ń lọ́ra. Iná àti omi ti kó èyí tó rọrùn lọ, purotéènì ọkà bàbà fúnra rẹ̀ sì le fún kòkòrò, nítorí náà ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dé ìfun.

Èwo ló sàn jù? Ẹran wo lẹ ní? Màlúù Fúlàní tó ń fún lítà kan tàbí méjì lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń jẹ koríko tí purotéènì rẹ̀ kò tó ìdá 7 nínú 100, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lebi ń pa. Agúnmánìyè ni kí ẹ fún un. Smith ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti van Houtert kó ohun tí ayé mọ̀ nípa ewé náà jọ lọ́dún 1987, iṣẹ́ wọn ṣì wúlò. Èérí bíà, ẹ fi í fún abo màlúù òkèèrè tó ń fún lítà 15 tàbí 20, tí òkú kòkòrò nìkan kò tó bọ́. Ẹni tó fi owó gọbọi ra èérí fún màlúù oní-lítà-kan fi owó náà ṣòfò ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní Èjìgbò tàbí ní Iléṣà, bí ẹ bá mú ìwé ìwádìí lórí oúnjẹ màlúù, ẹ má sáré lọ sí tábìlì. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe fọ àpò. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ẹ má gba nọ́ńbà wọn gbọ́ tán.