Jáàsì Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnìkan

Bí mo bá sọ fún àwọn ojúgbà mi pé mo fẹ́ràn jáàsì, èsì wọn kì í yàtọ̀: orin àwọn àgbà olówó ni, kò ní ọ̀rọ̀, kò sì ṣeé jó. Mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí pé jáàsì ní ọ̀rọ̀, àti pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é ní Èkó nílò etí wa kí ọ̀rọ̀ wọn tó lè dé ibi tó yẹ.

Ẹ wo àwọn onídùndún. Gúdúgúdú àti kẹríkẹrì a máa di ìlù mú ṣinṣin, ìyáàlù a sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni jáàsì rí. Gìtá báàsì àti ìlù yóò di orin mú, ẹni tó ń fọn trumpet tàbí saxophone yóò wá sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tó bá sọ, àwọn yòókù yóò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Jáàsì kì í ṣe àlejò ní Èkó. Kí Afrobeat tó dé rárá ni Fela Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, ti ń po jáàsì mọ́ highlife. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ló kàn. Méjì nínú wọn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Etuk Ubong, afọntrumpet. Ó pe orin rẹ̀ ní Earth Music, ó sì ń da Afrobeat, highlife àti ìlù ekombi pọ̀ mọ́ jáàsì. Ìlú Haarlem, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ni ó ti gba àwo rẹ̀, Africa Today, sílẹ̀. Ọdún 2020 ni ó jáde. Bí wọ́n ṣe ń lu orin náà ni wọ́n ń fín in sórí àwo ní tààrà, kò sí àyè láti gé e tàbí láti tún un ṣe lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ẹwà àwo náà. À ń gbọ́ bí àwọn olórin náà ṣe ń tẹ́tí sí ara wọn.

Ẹnìkejì ni Made Kuti, ọmọ-ọmọ Fela. Nínú àwo rẹ̀, For(e)ward, tó jáde ní 2021, òun nìkan ló lu gbogbo ohun èlò orin. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kan sáárá sí i. Àmọ́ ẹni tó dá ara rẹ̀ lóhùn ti mọ èsì kó tó béèrè. Orin náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò já a lu ìyàlẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé orí ìtàgé, láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó yẹ ká ti máa díwọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa olùgbọ́ náà wà nínú ẹgbẹ́ olórin. Àbúrò bàbá mi mú mi lọ sí Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Ọ̀dọ́ kan ń fọn orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó ń rọra sọ ọ́, ó ń dúró kí onílù dá a lóhùn. Àwọn ènìyàn ń tàkúrọ̀sọ ní tiwọn. Nígbà tó yí sí orin àtijọ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, ariwo sọ, wọ́n dìde, wọ́n ń ná an lówó. Kò padà sí orin tirẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Owó yẹn tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a fi kọ́ ọ kò dára. A sọ fún un pé ohùn òkú ni a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí gbogbo ọ̀dọ́ bá gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ta ni yóò kọ orin tí àwọn ọmọ wa yóò máa pè ní orin àtijọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní tòun lòun fẹ́ fọn, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún orin kan péré, kí a sì ná an lówó lórí ìyẹn náà.