Ìdánwò Òru Kò Tó fún Ooru Ọ̀sán

Bàbá mi ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin lẹ́yìn ilé wa ní Ẹgbẹ́dá. Ó fi òṣùwọ̀n ooru kan kọ́ sára òpó nínú ilé adìyẹ náà. Kì í lọ wò ó ní àárọ̀ kùtù. Aago méjì ọ̀sán ló máa ń lọ wò ó, pàápàá nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nítorí àsìkò náà ni ooru ń pa adìyẹ. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ara adìyẹ rẹ̀ le nítorí pé wọn kò kú lóru, yóò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe sí kọ̀ǹpútà ilé wa kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń dán kọ̀ǹpútà wò yẹ̀ wò, kí n sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló to kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, láti ara àwọn ẹ̀yà tòkunbọ̀ tó ń rà díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ni Intel Core i5-2500K, tó jáde ní ọdún 2011. Eré tí àwọn tó ṣe é kọ sí i lára ni 3.3 GHz. Lẹ́tà K tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ín lè gbé eré yẹn sókè sí i. Èyí ni wọ́n ń pè ní overclock: kí a mú kọ̀ǹpútà sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń to fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà pọ̀ fún owó, ó sì fẹ́ kí iṣẹ́ máa tètè parí. Ó gbé e dé 4.2 GHz. Kí ó má baà dákú, ó gbé iná tó ń wọ ọpọlọ náà láti nǹkan bí 1.2 volt lọ sí 1.35 volt.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí eré bá ṣe pọ̀ sí i ni ooru ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ti volt, a óò fi iye tó lé sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí a tó mọ ooru tó máa bá a wá. Eré wa fi 27 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Volt wa, lẹ́yìn tí a ti sọ ọ́ di púpọ̀, tún fi nǹkan bí 27 lé ooru. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ooru fi 61 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eré tí a jèrè kò tó ìdajì ooru tí a rà.

Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìdánwò. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni Prime95. George Woltman ló kọ ọ́, òun náà ló sì dá GIMPS sílẹ̀ ní ọdún 1996, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti Mersenne. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni 7 àti 31: a sọ 2 di púpọ̀ nígbà mélòó kan, a wá yọ 1 kúrò. Èyí tí wọ́n rí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ní díjíìtì 41,024,320. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣi ìṣirò kan péré nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ di asán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìdánwò sínú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ìdánwò ìdálóró.

Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ yìí, mo sì ní ìdí. Prime95 kì í kàn mú kí kọ̀ǹpútà gbóná lásán. Ó máa ń fún un ní ìṣirò tí ó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí olùkọ́ tó mú ìdáhùn lọ́wọ́ wá sí yàrá ìdánwò. Bí ìdáhùn kò bá bá a mu, ó dá iṣẹ́ dúró, ó sì sọ ọ́. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀rọ má jóná, ọ̀tọ̀ ni kí ó má purọ́. Ọpọlọ tiwa yìí máa ń dín eré ara rẹ̀ kù bí ó bá gbóná dé nǹkan bí 98°C, kí ó má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀ rárá, ó ti lè máa ṣi ìṣirò, nítorí bí wáyà inú rẹ̀ bá ṣe ń gbóná ni iná ń pẹ́ kó tó gba inú wọn kọjá.

Níbo wá ni àléébù wà? Ó wà nínú ọ̀nà tí a ń gbà lò ó. Púpọ̀ nínú àwọn ìlànà tí mo kà ń sọ iye wákàtí tó yẹ kí ìdánwò fi ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ní wákàtí kan tó, ẹlòmíràn ní 24. Wọn kì í sọ bí yàrá ṣe gbóná tó. Bẹ́ẹ̀, orí ooru yàrá ni ooru ọpọlọ ń dúró lé. Bí yàrá bá fi 10°C gbóná sí i, ọpọlọ náà yóò fi bí i 10°C gbóná sí i. Ìlànà tí wọ́n kọ nínú yàrá tútù kò parọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ilé tí a fi páànù bò tí kò ní àjà.

Ní tiwa, òru ni a ṣe é. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán, iná sì dé ní aago mọ́kànlá. Mo lọ yá òṣùwọ̀n bàbá mi, ó ka 25°C nínú yàrá. Prime95 ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kí iná tó lọ. Ọpọlọ kò gbóná ju 79°C lọ, àṣìṣe kankan kò sì sí. Inú wa dùn. Nígbà tó di àárọ̀, ìyá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bi wá léèrè bóyá òun lè máa kọ ìwé owó ẹgbẹ́ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Mà. A ti dán an wò.”

Ìyá mi dáhùn pé, “Ẹ rántí o, owó olówó ni.”

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, yàrá gbóná dé 36°C. Fídíò ìgbéyàwó kan ń lọ lábẹ́lẹ̀, ìyá mi sì ń tẹ orúkọ àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjìlélógójì. Ó ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Nígbà tí a tún un tàn, fáìlì náà kọ̀, kò ṣí mọ́. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ló gbà wá. Ọjọ́ méjì la fi tún un tẹ̀, a kò sì parí rẹ̀ kí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó pé. Opó kan wá yá owó WAEC ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ìyá mi kò sì lè sọ iye tí obìnrin náà ní nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ojú tì mí.

A tún ìdánwò ṣe ní aago méjì ọ̀sán, a sì ti fèrèsé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, Prime95 kígbe àṣìṣe. Kò tí ì parọ́ fún wa rí; àwa la bi í ní ìbéèrè òru.

Àwọn kan yóò sọ pé Prime95 ti le jù, pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í mú ọpọlọ gbóná tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlékún yẹn gan-an ni ààbò tí a ní. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ: eruku ọyẹ́ ń bọ̀, ìyẹ́ adìyẹ ń wọ fáànù, kò sì sí ìdánwò kan tó lè rí ìwọ̀nyí ṣáájú. Àwọn mìíràn yóò ní iná wa kì í dúró fún wákàtí 24. Èyí náà òótọ́ ni, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Nítorí náà, mo rò pé wákàtí méjì ní ọ̀sán gangan, lọ́jọ́ mẹ́ta, sàn fún wa ju odindi òru kan lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi dá eré padà sí 3.9 GHz, ó sì dín iná kù sí 1.25 volt. Ooru dín ní bí i ìdá kan nínú márùn-ún. Ọ̀sán mẹ́ta la fi dán an wò, yàrá wà ní 36°C, ọpọlọ kò sì kọjá 79°C, bí ó ti rí lóru ọjọ́sí. Àṣìṣe kankan kò sí. Fídíò tó máa ń gba ìṣẹ́jú 42 tẹ́lẹ̀ wá ń gba ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré la ti ń jèrè, òun la sì fi ìwé owó èèyàn méjìlélógójì wewu fún.

Ìyá mi ti padà sídìí kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé a ti dán nǹkan kan wò, ìbéèrè kan ló máa ń bi wá: “Aago mélòó lẹ dán an wò?”